Ọjọ́ mẹ́rin ní Tucson: ẹ jẹ́ kí oòrùn bá yín ṣètò rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ wa ọkùnrin ń gboyè ní Yunifásítì Arizona ní ìlú Tucson, ní àárín oṣù Karùn-ún. Èmi àti bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọjọ́ 4 ló kù fún wa. Orúnkún ń dun bàbá, kò lè rìn púpọ̀. Àwọn ẹbí wa ní Houston ní aṣálẹ̀ lásán ni Tucson, pé ooru àti ẹ̀gún nìkan ló wà níbẹ̀, kí a kúkú gba Las Vegas tàbí Grand Canyon lọ. Kí ni ènìyàn lè ṣe ní Tucson gan-an?"

Màmá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ kú ìnáwó, ti àbúrò rẹ̀ náà á ṣojú ẹ̀mí gbogbo yín.

Ẹ dúró sí Tucson. Grand Canyon dára, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ó tó máìlì 340 sí Tucson, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nínú mọ́tò, àlọ nìkan. Las Vegas tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì nínú mẹ́rin yín á bá títì lọ, orúnkún bàbá á sì ká kò sínú mọ́tò ní gbogbo àkókò náà. Ẹ ó délé tán, ẹ ò ní mọ ìlú tí ọmọ yín ti lo ọdún mẹ́rin.

Àwọn ẹbí yín ò parọ́ fún yín o. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń jáde ní Tucson, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ pẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní àkókò yẹn, ẹranko ti wọ ihò, ẹyẹ ti sá sábẹ́ ibòòji, òdòdó ti padé. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Ní aṣálẹ̀ Sonora yìí, wákàtí tí ènìyàn jáde ṣe pàtàkì ju ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò kiri níbẹ̀, bí mo sì ṣe máa ń ṣe é nìyí: òwúrọ̀ kùtù wà fún inú igbó, ọ̀sán wà fún abẹ́ òrùlé, abẹ́ ilẹ̀ tàbí orí òkè, ìrọ̀lẹ́ wà fún ìta, òru sì wà fún ojú ọ̀run. Ẹni tó bá pa èyí mọ́, ìbi yòówù kó lọ, á rí nǹkan.

Ní àárín oṣù Karùn-ún, ọ̀sán Tucson máa ń tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 34 tàbí 35, nígbà míì kó kọjá bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ibẹ̀ ò ju 17 lọ, ó tura. Oòrùn á ti yọ ṣáájú agogo márùn-ún ààbọ̀, kì í sì í wọ̀ títí agogo méje á fi kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà tún ní àǹfààní kan tí àwọn ará Houston ò ní: wákàtí mẹ́jọ ni Tucson fi wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Arizona kì í sì í yí agogo padà bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Nígbà tó bá jẹ́ agogo mẹ́rin ìdájí ní Tucson, ọ̀sán gangan ni nílé yín. Oorun á dá lójú yín fúnra rẹ̀. Ẹ má jà á níyàn. Ẹ dìde, ẹ wẹ̀, ẹ bọ́ sí mọ́tò.

Ọ̀dọ̀ saguaro ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Òun ni cactus gíga tó ń na apá sókè tí ẹ ti rí nínú àwòrán. Apá méjì ni ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Saguaro National Park pín sí, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn ìlú, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, Tucson sì wà láàárín. Ọdún 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo igbó yìí, ọdún 1994 ló sì wá di National Park. Nítorí bàbá, apá ìlà-oòrùn ni kí ẹ lọ. Títì ọlọ́dà kan yí inú rẹ̀ po, máìlì 8, Cactus Forest Drive ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó máa wa mọ́tò jẹ́jẹ́, ẹ ó máa dúró níbi tó bá wù yín. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Desert Ecology Trail, kò ju ìdámẹ́rin máìlì lọ, ojú rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n da ọ̀dà sí i. Bàbá á lè rìn ín.

Oṣù Karùn-ún gan-an ni saguaro ń tanná, ẹ bọ́ sí àsìkò rẹ̀. Òdòdó náà máa ń yọ ní ṣóńṣó igi àti ní ṣóńṣó apá, ó funfun, ó nípọn, àárín rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin. Alẹ́ ló ń là. Àwọn àdán tó ti Mẹ́síkò wá á ti ẹnu bọ inú rẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oyin àti àdàbà á gba ipò wọn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, òdòdó náà á ti padé, kò sì ní là mọ́. Òru kan àti òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ayé rẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán á rí igi, kò ní rí òdòdó.

Ẹ wo ara igi náà dáadáa. Ìṣẹ́po gígùn wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á fa omi sára, ìṣẹ́po náà á fẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, á tún sún kì. Èyí tó ti dàgbà dáadáa lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 5 lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ó tún rí ihò roboto lókè ara rẹ̀. Ẹyẹ àkókó ló gbẹ́ ẹ láti fi ṣe ilé. Saguaro kì í jẹ́ kí omi ara òun ti ibẹ̀ dànù, ó máa ń fi èèpo líle kan bo inú ihò náà yíká. Nígbà tí àkókó bá kó jáde, òwìwí kékeré kan tí wọ́n kà mọ́ àwọn òwìwí tó kéré jù láyé á kó wọlé. Tí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ níwájú irú ihò bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹyẹ kan á yọ orí. Bí igi náà bá kú, tí ara rẹ̀ jẹrà tán, èèpo líle yẹn nìkan ló máa ń ṣẹ́kù nílẹ̀, odidi, inú rẹ̀ ṣófo, àwọn onílẹ̀ ayé ijọ́hun sì máa ń kó nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ fún ọmọbìnrin yín ní iṣẹ́ kan: kó wá saguaro tó kéré jù. Ní ọdún 8 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, saguaro kì í ga ju íǹṣì kan àti ààbọ̀ lọ. Nígbà tó bá tó ọmọ ọdún 35 ló ń kọ́kọ́ tanná, ó sì máa ń tó ọdún 50 sí 70 kó tó yọ apá àkọ́kọ́, nígbà míì kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó lápá tí ẹ bá rí, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá. Àwọn kéékèèké kì í dá wà. Kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀, kó wo abẹ́ igi palo verde àti mesquite, ibòòji àwọn igi wọ̀nyẹn ló ń tọ́ wọn dàgbà. Ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kàn án, kó má fa nǹkan kan tu. Òfin Arizona dáàbò bo saguaro, wọ́n sì ń fi í mú ènìyàn.

Tí ẹ bá tún ní òwúrọ̀ míì, ẹ lọ sí Arizona-Sonora Desert Museum ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Orúkọ lásán ni mùsíọ́ọ̀mù yẹn. Ìta gbangba ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ẹranko aṣálẹ̀ tí ènìyàn lè gbé Tucson fún ọdún kan kó má rí lójú kòrókòró, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Inú ilé àwọn hummingbird ni ọmọ yín á fẹ́ dúró sí jù, àwọn ẹyẹ tín-ńtín tó ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á máa fò kọjá lẹ́bàá etí yín. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ gùn, nítorí náà ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ ìjókòó fún bàbá lẹ́nu ọ̀nà, kó má fi ìgboyà rìn ín. Ẹ jáde níbẹ̀ kí agogo 11 tó lù.

San Xavier del Bac wà ní nǹkan bíi máìlì 10 sí àárín ìlú, lápá gúúsù. Ní gbogbo Tucson, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni, ó funfun nini, ẹ ó ti máa rí i lókèèrè láti ojú títì. Àlùfáà Eusebio Kino ló dá ibùdó náà sílẹ̀ lọ́dún 1692. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, láàárín ọdún 1783 sí 1797 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Sípéènì. Ilé gogoro méjì ló yẹ kó ní, ọ̀kan ò parí títí dòní. Ìjọ ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Orí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham ló wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí Sípéènì tó dé, kí Mẹ́síkò tó gbà á, kí Amẹ́ríkà tó wá fi owó rà á lọ́wọ́ Mẹ́síkò lọ́dún 1854. Àwọn gan-an ló ń jọ́sìn níbẹ̀, wọ́n ń ṣègbéyàwó níbẹ̀, wọ́n ń sin òkú wọn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ múra bí ẹni tó ń lọ sílé ìjọsìn, ẹ má sì ya àwòrán nígbà ìsìn.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ gbójú sókè sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Nínú iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀, wọ́n mọ ológbò kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n mọ eku kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tí ológbò bá mú eku náà ni ayé á parẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láì rí i. Nínú ilé náà, ní apá òsì, ère Francis Mímọ́ kan wà ní ìdùbúlẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń tò sórí ìlà láti gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á fi pín-ìnnì há àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ aṣọ tó bò ó: apá tí wọ́n fi irin ṣe, ọkàn tí wọ́n fi irin ṣe, àwòrán ọmọ, ẹ̀gbà-ọwọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn sí. Ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ kà á.

Bí ẹ bá jáde, àwọn obìnrin O'odham máa ń wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń din búrẹ́dì. Wọ́n á na ìyẹ̀fun pípò náà ní àtẹ́lẹwọ́ títí á fi fẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná, á wú. Ẹ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú oyin, tàbí kí wọ́n da ẹ̀wà àti ata pupa lé e lórí. Ẹ ra tiyín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ mú owó kéékèèké dání.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán wá kù. Ní gúúsù ìlú, ní Sahuarita, ohun kan wà tí ẹ ò lè rí níbòmíràn láyé ní irú rẹ̀: Titan Missile Museum. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń halẹ̀ mọ́ ara wọn, 54 ni kòtò tí Amẹ́ríkà gbẹ́ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì Titan II, tí bọ́ǹbù núkílíà wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, 18 nínú wọn sì yí Tucson ká. Wọ́n ti ba gbogbo wọn jẹ́ àfi ọ̀kan yìí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì dúró nínú kòtò rẹ̀, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, wọ́n ti yọ oró rẹ̀. Wọ́n á mú yín lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, wọ́n á sì ní kí ẹnì kan nínú àlejò jókòó kó yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni pé àṣẹ dé. Ọmọ yín lè ní òun fẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 12 mọ̀ pé irú nǹkan yìí wà rí, àti pé ènìyàn bíi tiwa ló jókòó tì í. Ìṣòro ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn: 55 ni àtẹ̀gùn tí ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, 55 náà ni ẹ ó gùn padà. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ ṣàlàyé orúnkún bàbá fún wọn.

Tí bàbá bá ní òun ò lè ṣe é, Pima Air & Space Museum ló rọrùn fún un. Nǹkan bíi bàálù 400 ló wà níbẹ̀, àwọn kan nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwọn tó kù níta. SR-71, bàálù amí tó sáré jù, wà níbẹ̀, abẹ́ òrùlé ló sì wà.

Ọ̀sán míì, ẹ gun òkè Mount Lemmon lọ. Ibi tí ooru Tucson ti ń parí nìyẹn. Láti ìsàlẹ̀ títì tí wọ́n ń pè ní Catalina Highway dé abúlé Summerhaven lókè, nǹkan bíi wákàtí kan ni nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ ó gba inú oríṣiríṣi ilẹ̀ kọjá. Ní ìsàlẹ̀, saguaro ni. Bí ẹ bá gùn díẹ̀, saguaro á tán lójijì, koríko àti igi óòkù á bẹ̀rẹ̀. Lókè, igbó páìnì ni, òórùn rẹ̀ á gba inú mọ́tò kan, ẹ ó sì nílò súwẹ́tà. Nígbà tí ìlú bá wà ní ìwọ̀n 35, òkè lè wà ní 20. Orí òkè náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,157. Ìgbà òtútù, yìnyín máa ń bò ó, àwọn ènìyàn a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Orúkọ onímọ̀ ewéko kan, Sara Plummer Lemmon, tó gun òkè náà lọ́dún 1881, ni wọ́n fi pè é. Ní Windy Point, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wo ìlú nísàlẹ̀. Ọgbà ìgbọ́kọ̀sí sún mọ́ etí òkúta, bàbá ò ní láti rìn. Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú.

Títì yẹn fúnra rẹ̀ nítàn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló là á, láti ọdún 1933, ó sì gbà wọ́n títí di 1950. Lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ni Gordon Hirabayashi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Seattle, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn tó bá jẹ́ ẹ̀yà Japan ní etíkun ìwọ̀-oòrùn má jáde lálẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù, kí wọ́n máa lọ sí àgọ́. Hirabayashi kọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi lọ́dún 1943. Ìjọba ní àwọn ò lówó láti gbé e dé Arizona, òun náà bá na ọwọ́ sí mọ́tò lójú títì, ó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí ó fi dé Tucson láti wá ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó dé, wọn ò rí ìwé rẹ̀. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi wá a rí. Ní àwọn ọdún 1980, ilé ẹjọ́ fagi lé ìdálẹ́bi náà. Ibi tí àgọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn wà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é báyìí, ẹ ó rí pátákó rẹ̀ bí ẹ bá ń gòkè. Ẹ yà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìpìlẹ̀ ilé tó wó ló kù níbẹ̀, àti àkọlé tó sọ ìtàn náà.

Ẹ rọ epo kún mọ́tò kí ẹ tó gòkè, kò sí ilé epo lórí òkè náà.

Ìrọ̀lẹ́ dára ní Barrio Viejo, àdúgbò àtijọ́ àwọn ará Mẹ́síkò ní ẹ̀gbẹ́ àárín ìlú. Ilé alámọ̀ ni wọ́n, ògiri wọn nípọn, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ tó tàn kùn wọ́n. Púpọ̀ nínú irú àdúgbò yìí ni wọ́n wó ní ìparí àwọn ọdún 1960 kí wọ́n lè kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú, ó sì dun àwọn àgbà ibẹ̀ títí dòní. Ojúbọ kékeré kan wà níbẹ̀, El Tiradito, ògiri alámọ̀ tó ti fẹ́ wó, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tan àbẹ́là ní alẹ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọdún 2015 ni UNESCO sọ Tucson di ìlú oúnjẹ, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ ni pé ó lé ní ọdún 4,000 tí wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ láì dáwọ́ dúró, nínú aṣálẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè Sentinel Peak, ọgbà kan wà tó ń jẹ́ Mission Garden, níbi tí wọ́n ti gbin oko oríṣiríṣi ènìyàn tó ti gbé ibẹ̀: ti O'odham, ti Sípéènì, ti Mẹ́síkò, ti àwọn ará Ṣáínà, títí kan èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun ọ̀gbìn tó bá àwọn ènìyàn Áfíríkà sọdá òkun dé Amẹ́ríkà. Ẹ lọ wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oko á rí ohun tí àlejò míì ò ní rí.

Ẹ wá ẹ̀wà tepary jẹ. Ẹ̀wà kékeré ni, òjò díẹ̀ ló fi ń so, ó máa ń pẹ́ lórí iná, ṣùgbọ́n ó dùn. Ẹ jẹ carne seca ní El Charro, ilé oúnjẹ tó ti wà láti 1922. Ẹran màlúù ni, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn lórí òrùlé ibẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Hot dog ará Sonora ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e, kí ẹ mọ̀ tí ẹ kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ata ibẹ̀ ò ta, ẹ béèrè chiltepín, ata igbó roboto kan báyìí, tíntìntín. Ó ta.

Lálẹ́, ẹ gbójú sókè. Láti ọdún 1972 ni Tucson ti ní òfin tó ń dín iná ìta kù, nítorí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Ní Kitt Peak, nǹkan bíi máìlì 56 sí ìlú, lórí ilẹ̀ Tohono O'odham, tẹlisíkóòpù kún orí òkè náà, wọ́n sì ní ètò alẹ́ fún àlejò. Ó tutù níbẹ̀ lálẹ́. Ohun míì tún wà tí ọmọ yín lè má tíì rí fún gbogbo ọdún tó lò ní yunifásítì náà: abẹ́ ìjókòó pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yọ́ dígí tẹlisíkóòpù ẹlẹ́yọ kan tó fẹ̀ jù láyé, mítà 8.4 ní fífẹ̀. Wọ́n á kó ègé dígí sínú ààrò ńlá, ààrò náà á máa yí bó ṣe ń gbóná, dígí tó ti yọ́ á sì tẹ̀ ní àárín fúnra rẹ̀. Ẹ ní kó bá yín gba àyè sílẹ̀ láti wò ó.

Ó ku àwọn ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo àlejò. Afẹ́fẹ́ Tucson ní oṣù Karùn-ún gbẹ ju ọyẹ́ lọ. Òógùn yín á gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn, nítorí náà ẹ má dúró de òùngbẹ. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kó wà nínú mọ́tò. Ẹ mú òrí láti ilé fún ètè àti imú, kò sí ìpara tó jù ú lọ níbẹ̀. Akẹtẹ̀ dára ju fìlà lọ. Òòyà náà ṣe pàtàkì: cactus kan wà tó ń jẹ́ cholla, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń já lé ènìyàn lára bó bá kàn fara kàn án, ọwọ́ tí ẹ bá fi fà á á tún kó o. Òòyà ni wọ́n fi ń ta á dànù lẹ́ẹ̀kan. Ejò wà, ó sábà máa ń gbọn ìrù kó tó bu ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín ò dé, ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń rìn lálẹ́. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nítorí àkéekèé.

Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù yín lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Bóọ̀dà Mẹ́síkò sún mọ́ ibẹ̀, àwọn aṣọ́bodè sì máa ń dá mọ́tò dúró lórí títì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, títí kan ọ̀nà Kitt Peak. Wọ́n á béèrè, ẹ ó fi hàn wọ́n, ẹ ó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jẹ́ ká sáré wọ Nogales ní Mẹ́síkò, ẹ kọ̀ títí ẹ ó fi rí i pé físà yín gbà kí ẹ padà wọ Amẹ́ríkà.

Mo fi ìlú Tombstone sílẹ̀. Ìjà ìbọn ọdún 1881 ni wọ́n ń tún ṣe ní eré níbẹ̀ fún àlejò, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn fún bàbá. Biosphere 2, ilé dígí ńlá tí ènìyàn 8 tì ara wọn mọ́ fún ọdún 2 láti 1991 sí 1993, dára fún ẹni tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Tí ọmọbìnrin yín bá ń béèrè, ẹ fi rọ́pò Pima.

Ohun tó ń fẹ́ kánkán báyìí ni Kitt Peak àti ààrò dígí yẹn, àyè wọn máa ń tètè kún ní àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Ẹ ní kí ọmọ yín pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó sì pe Titan náà nípa àtẹ̀gùn. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá máa gbà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní oúnjẹ àárọ̀ dì dání ní agogo márùn-ún ìdájí. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ra èso àti búrẹ́dì sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.